Àkọsílẹ̀ Àtúnṣe: Kọ̀ǹpútà Alágbèéká Tí Num Lock àti Caps Lock Rẹ̀ Ń Yí Padà Fúnra Wọn

Kọ̀ǹpútà alágbèéká tí àkọsílẹ̀ yìí dá lé lórí jẹ́ ti màmá kan tó ń kọ́ni ní èdè Yorùbá nílùú Ìbàdàn. Òun ni wọ́n fi ń tẹ ìbéèrè ìdánwò àti ìwé àlàyé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn. Ẹ̀rọ náà kéré, kò ní ọ̀wọ́ bọ́tìnnì nọ́ḿbà ní ọwọ́ ọ̀tún, Windows 10 ló wà lórí rẹ̀, bátìrì rẹ̀ sì ṣì lágbára dáadáa. "Ọmọ mi, nọ́ḿbà ni ẹ̀rọ yìí ń kọ sí mi lọ́rọ̀," ni ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ fún mi.

Nígbà tí mo ní kí wọ́n ṣàlàyé sí i, ó hàn pé ẹ̀sùn méjì ni wọ́n ní. Àkọ́kọ́ ni pé, ní àwọn òwúrọ̀ kan, ẹ̀rọ kì í gba ọ̀rọ̀ aṣínà tí wọ́n mọ̀ dájú pé òun ni wọ́n tẹ̀. Bí wọ́n bá sì tẹ Restart, yóò gbà á láìjanpata. Ìkejì ni pé, bí wọ́n bá ń kọ ìwé lọ, gbogbo lẹ́tà á ṣàdédé di lẹ́tà ńlá nígbà tí ọwọ́ kankan kò kan Caps Lock. Ẹni tó kọ́kọ́ yẹ ẹ̀rọ náà wò ti sọ fún wọn pé kíbọ́ọ̀dù ló bàjẹ́ pátápátá, pé kí wọ́n ra òmíràn. Mo pinnu láti má ṣe da ẹ̀sùn méjèèjì pọ̀ mọ́ra wọn, nítorí pé ọ̀rọ̀ Restart yẹn kò bá àìsàn kíbọ́ọ̀dù mu. Bọ́tìnnì tó há kò mọ ìyàtọ̀ láàárín kí a pa ẹ̀rọ kí a tún un tàn àti kí a tẹ Restart, ṣùgbọ́n Windows mọ̀ ọ́n.

Ibi tí ipò ìtìpa ń gbé

Ìtìpa ni mo ń pe ohun tí Caps Lock àti Num Lock ń ṣe: a tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tàn, a tún un tẹ̀, ó kú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé inú bọ́tìnnì gan-an ni ìtìpa wà. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí. Bí a bá tẹ Caps Lock, ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣàkóso kíbọ́ọ̀dù á fi kóòdù kan ránṣẹ́ pé a ti tẹ̀ ẹ́, á sì fi òmíràn tẹ̀lé e pé a ti jọ̀wọ́ rẹ̀. Nínú ìlànà tí a ń pè ní scan code set 1, 3A ni ti títẹ̀, BA sì ni ti jíjọ̀wọ́. Iṣẹ́ bọ́tìnnì parí síbẹ̀. Windows ló ń fi sọ́kàn bóyá ìtìpa wà tàbí kò sí, òun náà ló sì ń rán iṣẹ́ padà sí kíbọ́ọ̀dù pé kí ó tan iná kékeré rẹ̀ tàbí kí ó pa á. PS/2, ìlànà tí ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù inú kọ̀ǹpútà alágbèéká ṣì fi ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ títí di òní, ní àṣẹ kan fún èyí tí ń jẹ́ ED. Ẹyọ báìtì kan ló ń tẹ̀lé e, tó ń sọ ipò Scroll Lock, Num Lock àti Caps Lock. Ẹni tó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i lè so kíbọ́ọ̀dù USB mọ́ kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ní Windows, kí ó tẹ Caps Lock lórí èyí tí ó so mọ́ ọn, kí ó sì wo iná ti inú. Yóò tàn pẹ̀lú.

Ohun tó mú kí Num Lock le ju Caps Lock lọ lórí irú ẹ̀rọ kékeré yìí ni pé bọ́tìnnì nọ́ḿbà fara pamọ́ sáàárín àwọn lẹ́tà. Nígbà tí IBM gbé kọ̀ǹpútà PC rẹ̀ jáde ní ọdún 1981, bọ́tìnnì 83 ló wà lórí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀, àwọn bọ́tìnnì nọ́ḿbà ọwọ́ ọ̀tún ló sì tún ń ṣe iṣẹ́ ọfà òkè, ìsàlẹ̀, òsì àti ọ̀tún. Num Lock ló ń sọ èwo nínú iṣẹ́ méjèèjì ni a fẹ́. Nígbà tí kọ̀ǹpútà alágbèéká dé tí kò sí àyè fún ọ̀wọ́ nọ́ḿbà mọ́, àwọn tó ṣe é kó nọ́ḿbà sórí lẹ́tà ọwọ́ ọ̀tún. Lórí ẹ̀rọ màmá, bí Num Lock bá ti wà, u di 4, i di 5, o di 6, j di 1, k di 2, l di 3, m sì di 0. 7, 8 àti 9 wà ní àyè wọn. Nígbà tí àṣẹ ED bá ti sọ fún ẹ̀rọ alákòóso inú pé kí ó tan Num Lock, òun fúnra rẹ̀ ló ń pààrọ̀ kóòdù àwọn lẹ́tà wọ̀nyí.

Ìyà rẹ̀ pọ̀ fún ẹni tó ń kọ Yorùbá. Mẹ́ta nínú fáwẹ́lì wa, i, o àti u, ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú k, l àti m tí a ń lò nígbà gbogbo. "Omi" á jáde ní 605. "Kúlíkúlí" á di 24352435, láìku lẹ́tà kan. Orúkọ Ọlọ́run á di 636r4n. Nínú àpótí ọ̀rọ̀ aṣínà, tí ó jẹ́ pé àmì dúdú róbótó nìkan ni a ń rí, kò sí ohun tí yóò sọ fún ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ pé nọ́ḿbà ló ń wọlé. Ẹ̀rọ màmá kò sì ní iná Num Lock rárá. Caps Lock nìkan ló níná.

Àyẹ̀wò lẹ́yìn odi Windows

Kí n tó tú síkúrù kankan, mo tan ẹ̀rọ náà pẹ̀lú Linux, ètò mìíràn tí a lè lò dípò Windows, láti orí fíláàṣì USB, láìfọwọ́ kan ohun tó wà nínú dísìkì rẹ̀. Ìdí tí mo fi máa ń bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni pé ó ń ya ètò sọ́tọ̀ kúrò lára ohun èlò: ohunkóhun tó bá tẹ̀ lé wa dé inú Linux, inú ẹ̀rọ ló wà, ohun tó bá dúró sẹ́yìn, ti Windows ni. Ní ojú ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ, mo lo showkey -s, tó ń kọ kóòdù gbogbo bọ́tìnnì bí ó ṣe ń wọlé. Ó dára fún àyẹ̀wò kíákíá, ṣùgbọ́n bí ìṣẹ́jú àáyá 10 bá kọjá tí a kò tẹ nǹkan kan, á dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀, nítorí náà mo yí sí evtest, èyí tí a lè fi sílẹ̀ kí ó máa ṣọ́ kíbọ́ọ̀dù níwọ̀n bí a bá ṣe fẹ́.

Èsì náà ṣe kedere. Ní ti Num Lock, kò sí kóòdù kankan tó wá láìjẹ́ pé mo tẹ̀ ẹ́. Ní ti Caps Lock, KEY_CAPSLOCK, orúkọ tí evtest ń pe bọ́tìnnì náà, ń yọjú fúnra rẹ̀ nígbà tí mo bá fi àtẹ́lẹwọ́ òsì sinmi lé etí ẹ̀rọ, tàbí tí mo bá tẹ A àti Shift òsì léraléra. Nígbà mìíràn títẹ̀ àti jíjọ̀wọ́ á tẹ̀lé ara wọn kí ojú tó ṣẹ́. Ẹ̀sùn kejì jẹ́ ti ohun èlò. Ẹ̀sùn àkọ́kọ́ kì í ṣe ti kíbọ́ọ̀dù rárá.

Num Lock: ta ló ń tan án?

Níwọ̀n bí bọ́tìnnì kò ti tan ara rẹ̀, ẹnìkan tàbí nǹkan kan ló ń fi Num Lock sílẹ̀ ní títàn. Mo béèrè lọ́wọ́ màmá pé kí ni wọ́n ń so mọ́ ẹ̀rọ náà. Wọ́n ní àwọn ní kíbọ́ọ̀dù ńlá kan nílé, tó ní nọ́ḿbà lẹ́gbẹ̀ẹ́, pé òun ni àwọn fi ń kọ àmì ohùn: wọ́n á di Alt mú, wọ́n á tẹ 0225 fún á, 0224 fún à, 0233 fún é, 0232 fún è, bẹ́ẹ̀ lọ títí dé 0250 fún ú. Wọ́n ti kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kékeré kan tó ti gbó. Ọ̀nà yìí kì í ṣiṣẹ́ àyàfi tí Num Lock bá wà ní títàn. Ní alẹ́, wọ́n á fa wáyà kíbọ́ọ̀dù ńlá yọ, wọ́n á pa ẹ̀rọ, wọ́n á gbé e lọ sílé ẹ̀kọ́ lówùúrọ̀.

Láti ibẹ̀ lọ, ohun gbogbo bá ara wọn mu. Yíyọ kíbọ́ọ̀dù kò yí ipò Num Lock padà, nítorí pé ọ̀dọ̀ Windows ni ipò náà wà. Pípa ẹ̀rọ kò sì pa á tán: láti ìgbà Windows 8, ní ọdún 2012, ni Fast Startup ti wà, èyí tó jẹ́ pé nígbà tí a bá yan Shut down, Windows á ti gbogbo ohun tí ẹni tó ń lo ẹ̀rọ ṣí sílẹ̀ pa, ṣùgbọ́n á kó àárín gbùngbùn ètò ara rẹ̀ pamọ́ sínú fáìlì kan lórí dísìkì, kí ó lè tètè dìde ní ọjọ́ kejì. Restart kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òun ń bẹ̀rẹ̀ lọ́tun láti ìpìlẹ̀. Ìdí nìyí tí Restart fi ń tú màmá sílẹ̀.

Iṣẹ́ tí mo ṣe lórí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti inú BIOS, ètò kékeré tó ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó bẹ̀rẹ̀, níbi tí mo ti rí ètò Num Lock nígbà títan ẹ̀rọ, mo sì gbé e sí Off. Lẹ́yìn náà mo wọ Registry, ibi tí Windows ń kó ètò rẹ̀ pamọ́ sí, mo kọ́kọ́ fi ẹ̀dà ibi tí mo fẹ́ yí pamọ́, mo sì lọ sí HKEY_USERS\.DEFAULT\Control Panel\Keyboard, níbi tí InitialKeyboardIndicators ti jẹ́ 2147483650. Nínú nọ́ḿbà yìí, 2 tó wà lẹ́yìn 2147483648 ni ó dúró fún Num Lock. Mo sọ ọ́ di 0. Abẹ́ .DEFAULT yìí ṣe pàtàkì, torí òun ló ń darí ojú ìwé ìwọlé kí ẹnikẹ́ni tó wọlé. Àwọn kan ń yí ti ara wọn nìkan, tó wà lábẹ́ HKEY_CURRENT_USER, wọ́n á sì máa ṣe kàyéfì pé ọ̀rọ̀ aṣínà kò tíì gbà.

Ní ti Fast Startup, mo yọ àmì kúrò níwájú rẹ̀ nínú Power Options. Ọ̀nà mìíràn wà, àṣẹ powercfg /h off, tó yára ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ó ń mú Hibernate lọ pẹ̀lú. N kò lè gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti pàdánù Hibernate níbi tí iná mànàmáná ti lè lọ nígbàkigbà tí bátìrì sì ń tán lọ. Bí ẹ̀rọ bá lè fi iṣẹ́ pamọ́ kí ó tó kú, kí a jẹ́ kí ó máa ṣe é.

Mo tún tan Toggle Keys. Ètò yìí wà nínú Windows fún ìrọ̀rùn àwọn tí ojú wọn kò ríran dáadáa, ó sì ń dún nígbàkigbà tí Caps Lock, Num Lock tàbí Scroll Lock bá yí padà: ohùn òkè bí ó bá tàn, ohùn ìsàlẹ̀ bí ó bá kú. Fún ẹ̀rọ tí kò ní iná Num Lock, n kò mọ ètò kan tó wúlò jù ú lọ. Ní ìdàkejì, mo pa ọ̀nà àbùjá Sticky Keys, tó ń yọ lójú ẹni bí a bá tẹ Shift lẹ́ẹ̀marùn-ún tẹ̀lératẹ̀léra, àti ti Filter Keys, tó ń jẹ́ kí kíbọ́ọ̀dù dà bí òkú bí a bá di Shift ọ̀tún mú fún ìṣẹ́jú àáyá 8.

Mo pa ẹ̀rọ, mo tan án: ọ̀rọ̀ aṣínà gbà. Mo so kíbọ́ọ̀dù ńlá mọ́ ọn, mo tan Num Lock, mo fa wáyà yọ láìpa ẹ̀rọ. Lójú ẹsẹ̀ ni nọ́ḿbà padà sáàárín ọ̀rọ̀. Èyí ni ibi tí ọ̀pọ̀ àtúnṣe irú èyí ti ń dúró, tí oníbàárà á sì padà wá láàárín ọ̀sẹ̀. Gbogbo ohun tí mo ti ṣe títí dé ibí dáàbò bo ìgbà títan ẹ̀rọ nìkan. Níwọ̀n ìgbà tí màmá bá ṣì nílò Num Lock láti kọ àmì ohùn, Num Lock yóò máa wà.

Kí àmì ohùn kúrò lọ́wọ́ Num Lock

Nítorí náà, iṣẹ́ gidi ni láti jẹ́ kí wọ́n lè kọ Yorùbá pípé láìlo nọ́ḿbà kankan. Àwọn kóòdù Alt tí wọ́n há sórí kò tilẹ̀ tó wọn: kò sí ẹ, ọ tàbí ṣ nínú àtẹ lẹ́tà tí àwọn nọ́ḿbà oní-òdo níwájú yẹn ń tọ́ka sí. Nínú Word, wọ́n ń tẹ 1ECD kí wọ́n tó tẹ Alt pẹ̀lú X láti rí ọ, 1EB9 fún ẹ, 1E63 fún ṣ. Ẹni tó ń tẹ ìbéèrè ìdánwò ojú ìwé mẹ́rin bẹ́ẹ̀ ń ṣe wàhálà tí kò yẹ kí èdè rẹ̀ fi jẹ ẹ́ níyà.

Windows ní àtẹ kíbọ́ọ̀dù Yorùbá tirẹ̀, a sì lè fi kún un nínú ètò èdè láìsanwó. Ṣùgbọ́n màmá ti mọ ipò àwọn lẹ́tà lórí kíbọ́ọ̀dù Gẹ̀ẹ́sì ní àmọ̀dunjú, wọn kò sì fẹ́ kí ohunkóhun ṣípò. Mo fi Microsoft Keyboard Layout Creator ṣe àtẹ kan fún wọn, tí gbogbo lẹ́tà dúró sí àyè wọn, tó fi jẹ́ pé Alt ọ̀tún pẹ̀lú e ń mú ẹ wá, pẹ̀lú o ń mú ọ wá, pẹ̀lú s ń mú ṣ wá. Bí Shift bá kún un, lẹ́tà ńlá ni.

Àmì ohùn gba ìrònú díẹ̀ sí i. Lẹ́tà bí á ní nọ́ḿbà kan ṣoṣo tirẹ̀ nínú Unicode, àtẹ nọ́ḿbà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, ṣùgbọ́n ọ́ àti ẹ̀ kò ní. Lẹ́tà oníàmì ìsàlẹ̀ ni a ń kọ, àmì ohùn á sì tẹ̀lé e, U+0301 fún òkè, U+0300 fún ìsàlẹ̀. Ọ̀nà tí a fi ń ṣe é fún èdè Faransé, pé kí a tẹ àmì ṣáájú lẹ́tà, kò lè ṣiṣẹ́ níbí, nítorí pé ẹyọ kóòdù kan ṣoṣo ni irú bọ́tìnnì bẹ́ẹ̀ lè mú jáde nínú Windows. Mo wá fi àmì méjèèjì sí Alt ọ̀tún pẹ̀lú àwọn bọ́tìnnì àkámọ́ onígun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ P: òsì fún ohùn ìsàlẹ̀, ọ̀tún fún ohùn òkè, a ó sì tẹ̀ wọ́n lẹ́yìn lẹ́tà. Ó tilẹ̀ bá bí a ṣe ń kọ ọ́ lórí ìwé mu, torí lẹ́tà la máa ń kọ ná kí a tó fi àmì lé e lórí. Kíbọ́ọ̀dù ńlá wà nílé wọn síbẹ̀, wọ́n ń lò ó nítorí pé ó tóbi, àmọ́ Num Lock rẹ̀ kò ní iṣẹ́ mọ́.

Caps Lock: títú ẹ̀rọ

Mo pa ẹ̀rọ, mo yọ bátìrì, mo tú síkúrù ìsàlẹ̀ tó di kíbọ́ọ̀dù mú, mo sì gbé kíbọ́ọ̀dù sókè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí mo fi dé wáyà pẹlẹbẹ tó so ó mọ́ bọ́ọ̀dù. Èdìdì kékeré tó di wáyà yìí mú ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fọ́. A gbọ́dọ̀ ṣí i kí a tó fa wáyà, a kì í fà á tipátipá. Nígbà tí mo yọ orí Caps Lock, mo rí ohun tó gbẹ mọ́ ìdí rọ́bà rẹ̀, ó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Màmá rántí pé ọmọ-ọmọ àwọn da mínírà sí i nígbà kan, àwọn sì nù ún lójú ẹsẹ̀.

Abẹ́ kíbọ́ọ̀dù irú èyí jẹ́ awẹ́ ọ̀rá mẹ́ta tí a tò léra. Ti òkè àti ti ìsàlẹ̀ ní ìlà tó ń gbé iná, ti àárín ní ihò níbi tí ìka bá ti tẹ̀, kí ìlà méjèèjì lè fara kanra. Bí omi ṣúgà bá wọ àárín awẹ́, ó lè so ìlà pọ̀ láìsí ìka. Mo fi ọtí isopropyl 99% àti òwú nu òkè àti etí dáadáa. Evtest dákẹ́. Nígbà tí yàrá móoru lọ́sàn-án tí ooru ara ẹ̀rọ náà sì kún un, KEY_CAPSLOCK tún bẹ̀rẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé ohun tó kù wà láàárín awẹ́ níbi tí òwú kò lè dé.

Kí kíbọ́ọ̀dù mìíràn tó dé, mo pa Caps Lock nínú Windows kí màmá lè máa bá iṣẹ́ lọ. Nínú HKEY_LOCAL_MACHINE\SYSTEM\CurrentControlSet\Control\Keyboard Layout, mo dá iye kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ Scancode Map, irú REG_BINARY, mo sì kọ èyí sínú rẹ̀:

00 00 00 00 00 00 00 00 02 00 00 00 00 00 3A 00 00 00 00 00

02 yẹn ni iye ìlà tó tẹ̀lé e, pẹ̀lú ìlà òfo tó parí rẹ̀. 00 00 3A 00 sì ń sọ pé kí kóòdù 3A má já sí ohunkóhun. Lẹ́yìn Restart, Caps Lock kò ṣiṣẹ́ mọ́, lórí kíbọ́ọ̀dù inú àti ti òde pẹ̀lú. PowerToys, irinṣẹ́ Microsoft kan fún Windows, lè ṣe irú rẹ̀, ó sì rọrùn láti lò, àmọ́ ó di ìgbà tí a bá ti wọlé kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nígbà tí Scancode Map ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti ojú ìwé ọ̀rọ̀ aṣínà.

A kò gbọ́dọ̀ pe èyí ní ìwòsàn. Caps Lock ń pín ìlà pẹ̀lú àwọn bọ́tìnnì mìíràn, ìlà tí ọ̀rinrin bá ti so pọ̀ sì lè mú lẹ́tà tí a kò tẹ̀ jáde; mo ti ń rí a méjì níbi tí mo ti tẹ ẹyọ kan. Kíbọ́ọ̀dù tuntun ló tọ́ sí i. Mo ka nọ́ḿbà tó wà lẹ́yìn ògbólógbòó náà, nítorí pé orúkọ ẹ̀rọ nìkan kò tó: ẹ̀rọ kan náà lè ní kíbọ́ọ̀dù Amẹ́ríkà, tí Enter rẹ̀ gùn gbọọrọ, tàbí ti Bírítéènì, tí Enter rẹ̀ ga tí Shift òsì rẹ̀ sì kúrú, wáyà wọn sì lè má bára mu. Mo rí èyí tó bá a mu gẹ́lẹ́ lára ẹ̀rọ tòkunbọ̀ kan tí bọ́ọ̀dù rẹ̀ ti kú. Mo so wáyà rẹ̀, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ láìtíì dì í, mo tan Linux, mo tẹ gbogbo bọ́tìnnì lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì fi evtest sílẹ̀ kí ó ṣọ́ ọ títí ẹ̀rọ fi móoru. Kò sí kóòdù àjèjì kankan. Nígbà náà ni mo tó de síkúrù.

Mo pa Scancode Map rẹ́, torí màmá ń fi Caps Lock kọ àkòrí ìdánwò. Mo fi fáìlì Registry àkọ́kọ́ pamọ́ sórí ẹ̀rọ náà, mo sì kọ ọ̀nà àbáyọ sójú ìwé àkọ́kọ́ nínú ìwé kékeré wọn: bí ọ̀rọ̀ aṣínà kò bá gbà, kí wọ́n tẹ àmì ojú tó wà nínú àpótí náà mọ́lẹ̀ kí wọ́n wo ohun tó wọlé, bó bá jẹ́ nọ́ḿbà, kí wọ́n ṣí On-Screen Keyboard láti àmì ìrọ̀rùn tó wà nísàlẹ̀ ojú ìwé ìwọlé, kí wọ́n tẹ Options, kí wọ́n yan Turn on numeric keypad, kí wọ́n sì tẹ NumLock tó bá yọjú. Ohun kan ṣoṣo tó kù tí a óò máa ṣọ́ ni Fast Startup, nítorí pé ìmúdójúìwọ̀n ńlá Windows lè dá a padà; lẹ́yìn irú rẹ̀, Power Options ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò.